ÈRÒ TA NI Ó WÀ LỌ́KÀN MI?

  Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jókòó tì ní ìgbà yìí, kí a rò ó dáadáa, nítorí ó kan ilé wa, ó kan ọjà wa, ó sì kan ẹ̀rí ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: èrò tí mo ní nípa ìṣèlú, àti nípa àwọn ẹ̀yà mìíràn tí a jọ ń gbé, ṣé èmi ni mo rò ó, àbí wọ́n bá mi rò ó ni? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bá mi rò ó ni, ta ni yóò jíhìn rẹ̀?

Àwa Yorùbá pe ohun tí ó wà lọ́kàn ènìyàn ní èrò. A sì tún pe ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n kún ojú ọ̀nà ní èrò. Ẹni tí ó bá ti dúró ní Mile 12 ní kùtùkùtù, nígbà tí wọ́n ń já tòmátì àti àlùbọ́sà láti inú ọkọ̀ àjàgbé tí ó ti òkè Ọya wá, tí àwọn ènìyàn sì tò lọ bẹẹrẹ ní ibùdókọ̀ BRT, mọ ohun tí à ń pè ní èrò. Ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀ ní òru, tí ó ń ro bí ọjọ́ ọ̀la yóò ti rí, mọ èkejì. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni bí èrò ọjà ṣe ń wọlé di èrò ọkàn, pàápàá jù lọ ní ayé yìí tí ọjà ti wọ inú fóònù.

ÌLÚ ÀTỌWỌ́DÁ

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń fi ìṣirò wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro láti lóye. Wọ́n á dá ìlú àtọwọ́dá kan sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á kó ènìyàn àtọwọ́dá sínú rẹ̀, ó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní èrò tirẹ̀ àti ìwà tirẹ̀: eléyìí máa ń gba ohun tí aládùúgbò rẹ̀ bá sọ gbọ́, tọ̀hún kì í gbọ́ tí ẹnìkan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ náà, wọ́n á sì máa wo ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ó dà bí ọmọdé tí ń fi iyanrìn sebẹ̀. Ọbẹ̀ náà kò ṣe é jẹ, ṣùgbọ́n a lè ti ibẹ̀ mọ bí a ṣe ń to ààrò.

Ní ọdún 1978, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí àdúgbò tiwa. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn dúró ní gbàgede, inú ń bí gbogbo wọn. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ oníjàgídíjàgan. Kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ òkúta. Ẹnì kejì kò jẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rí ẹnì kan tí ó sọ òkúta, òun náà yóò sọ ọ́. Ẹnì kẹta ń dúró de ènìyàn méjì, ẹnì kẹrin ń dúró de mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí dé orí ẹni tí ó kẹ́yìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ẹni ìkẹyìn yìí, kò ní dá sí i àfi bí ó bá rí ènìyàn 99 tí wọ́n ti ń ṣe é. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹni àkọ́kọ́ yóò sọ òkúta. Ẹnì kejì yóò rí i, yóò sọ tirẹ̀. Ẹnì kẹta yóò rí àwọn méjèèjì. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo ọgọ́rùn-ún ni yóò máa jà, títí kan èèyàn jẹ́jẹ́ yẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a yí ẹnì kan ṣoṣo padà. Ẹ jẹ́ kí a fún ẹnì kejì ní sùúrù díẹ̀ sí i, kí ó máa dúró de ènìyàn méjì dípò ẹnì kan. A kò fọwọ́ kan àwọn yòókù rárá. Ẹni àkọ́kọ́ yóò sọ òkúta rẹ̀. Ẹnì kejì yóò wò ó, kò ní dá sí i. Ẹnì kẹta ń dúró de ènìyàn méjì, ẹyọ ẹnì kan ni ó sì ń rí. Ìjà tán síbẹ̀. Granovetter fúnra rẹ̀ tọ́ka sí i pé bí àwọn oníròyìn bá dé ìlú kìíní, wọn yóò kọ ọ́ pé jàǹdùkú ni gbogbo ará ibẹ̀. Bí wọ́n bá dé ìlú kejì, wọn yóò kọ ọ́ pé aṣiwèrè kan ni ó ṣe bí aṣiwèrè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra. Ìwà ẹnì kan ni ó yà wọ́n.

Àwa tí a ń gbé Mile 12, Ketu àti Agiliti mọ̀ pé èyí kì í ṣe àlọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa ní Ketu àti Mile 12 lórí ọ̀ràn ọjà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó sì bá a lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ níbí kan náà láàrin àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yà méjèèjì. Ènìyàn kú, ilé àti dúkìá jóná, Gómìnà Akinwunmi Ambode sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà pa. Ẹni tí kò ju òkúta pàdánù ọjà rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó jù ú, nítorí tòmátì kì í mọ ẹni tí ó jẹ̀bi kí ó tó rà.

Ẹ kíyèsí i pé ní 1999, kò sí WhatsApp, kò sí Facebook, GSM pàápàá kò dé Nàìjíríà títí di ọdún 2001. Ẹnu ni wọ́n fi gbé ìròyìn kiri. Nítorí náà, kì í ṣe fóònù ni ó dá ìkórìíra sílẹ̀. Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó sọ gbàgede di gbàgede tí kò ní ògiri. Ní ayé àtijọ́, ẹnì kẹta gbọ́dọ̀ fi ojú rí ènìyàn méjì. Lónìí, ó lè wà lórí ibùsùn rẹ̀ ní Alápẹ́rẹ̀ kí ó rí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n ń sọ òkúta ọ̀rọ̀, láì mọ̀ bóyá ènìyàn ni wọ́n tàbí ẹ̀rọ, tàbí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní orúkọ ogún.

OBÌNRIN ÀÁRÍN

Ìṣirò kejì tí mo fẹ́ kí a wò wá láti ọwọ́ àwọn ará Jámánì méjì, Rainer Hegselmann àti Ulrich Krause, tí wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2002. Wọ́n ní ènìyàn kì í gbọ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí èrò rẹ̀ kò jìnnà sí tirẹ̀ nìkan ni ó ń tẹ́tí sí. Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin mẹ́fà ṣe é. A bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ìlú kan: ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ pátápátá yóò mú 0, ẹni tí ó bá faramọ́ ọn pátápátá yóò mú 100. Àwọn mẹ́ta mú 10, 20 àti 30. Àwọn mẹ́ta yòókù mú 70, 80 àti 90.

Bí gbogbo wọn bá gbọ́ ti ara wọn, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì pa èrò gbogbo wọn pọ̀, tí ó pín in dọ́gba, orí 50 ni gbogbo wọn yóò ti pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gbọ́ ti àwọn tí kò fi ju 25 lọ jìnnà sí i nìkan, ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́ta ìsàlẹ̀ yóò pàdé lórí 20, àwọn mẹ́ta òkè yóò pàdé lórí 80, wọn yóò sì jókòó síbẹ̀ títí ayé. Nínú agbo kọ̀ọ̀kan, ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan. Olúkúlùkù yóò sì máa sọ pé, “Gbogbo ayé ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.” Kò sí ẹni tí ó parọ́ fún wọn. Gbogbo ayé tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a mú obìnrin keje wá, kí ó dúró lórí 50. Ẹni tí ó wà ní 30 lè gbọ́ ọ, ẹni tí ó wà ní 70 náà lè gbọ́ ọ. Àwọn tí ó wà ní 10 àti 90 kò gbọ́ ọ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni 30 yóò sún díẹ̀ sí àárín, yóò sì fa ẹni 20 sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí ní apá òkè. Mo fi bíírò àti ìwé ṣe ìṣirò yìí láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ó mọ ìṣirò lè ní kí ó dán an wò. Ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, gbogbo wọn ti ń gbọ́ obìnrin àárín. Ní ìgbésẹ̀ keje, àwọn méjèèje ti wà lórí 50. Obìnrin kan ṣoṣo ni. Kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì kúrò níbi tí ó dúró sí. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ó gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì.

Ta ni obìnrin yìí láàrin wa? Ìyá Yorùbá tí ó ní oníbàárà Hausa láti ọdún gbọọrọ ni. Obìnrin Ìgbò tí ó fẹ́ ọkọ Yorùbá ni. Ìyá olóbì tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó sí ìdí àtẹ rẹ̀ ni. Iye owó kò tó láti ra irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ fún ìlú. Àwọn ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, tí agbo méjèèjì yóò pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. Orí 50 kọ́ ni òtítọ́ máa ń wà ní gbogbo ìgbà. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti iye owó-orí ọjà tàbí ibi tí a ó gbé ibùdókọ̀ sí, a lè pàdé ní àárín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan sọ pé wọ́n pa ọmọ kan lánàá, tí ẹlòmíràn sọ pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́, kò sí àárín níbẹ̀. Ìdajì irọ́, irọ́ náà ni. Ìfohùnṣọ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ìṣirò yìí lè sọ bí a ṣe ń ṣọ̀kan, kò lè sọ bóyá ohun tí a ṣọ̀kan lé lórí jẹ́ òtítọ́. Ìyẹn kù sí ọwọ́ ẹni tí yóò dìde lọ wádìí.

TA NI Ó Ń SÁRÉ JÙ?

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà kò kú, ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ lè jóná láàrin ogún ọdún. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní MIT ní Amẹ́ríkà, Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìròyìn bí 126,000 tí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn tàn kálẹ̀ lórí Twitter láàrin 2006 àti 2017. Wọ́n rí i pé kí òtítọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 1,500, àkókò tí ó ń gbà tó ìlọ́po mẹ́fà ti irọ́. Irọ́ nípa ìṣèlú ni ó sì ń sáré jù nínú gbogbo irọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó dùn wá jù ni pé nígbà tí wọ́n yọ àwọn ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fúnra wọn kúrò nínú ìṣirò náà, irọ́ ṣì ṣáájú. Àwa ènìyàn ni ẹsẹ̀ tí irọ́ fi ń sáré, nítorí ohun tuntun tí ó ya ni lẹ́nu ń dùn ún sọ.

A rí i níbí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àìsàn Ebola ti wọ Èkó, òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ fi gba gbogbo Nàìjíríà kan pé kí a mu omi iyọ̀, kí a sì fi wẹ̀. Ìyá ń jí ọmọ lójú oorun. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó mú àwọn kan dé ilé ìwòsàn. Bí ìfẹ́ bá lè gbé irọ́ rìn tó bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni ìbínú?

Ẹ rántí ọdún 2023 pẹ̀lú. Ní ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25 oṣù kejì, Peter Obi ní ìbò 582,454 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Bola Tinubu sì ní 572,606. Láàrin ọjọ́ yẹn sí ìdìbò gómìnà ti ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà gba gbogbo fóònù Èkó. Àwọn tí a jọ ń ra ẹ̀wà ní ìdí àtẹ kan náà di “àwọn” àti “àwa”. Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò pé, wọ́n dí àwọn kan lọ́wọ́ ìbò ní àwọn ibùdó kan nítorí pé ojú wọn tàbí orúkọ wọn jọ ti ẹ̀yà kan. Ẹni yòówù tí a bá dìbò fún, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ìbínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, níbo ni ó ti wá? Ṣé aládùúgbò wa ni ó ṣẹ̀ wá láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àbí ohun tí a ń kà nípa rẹ̀ ni?

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣírò irú ìbínú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, àṣírí ilé iṣẹ́ Cambridge Analytica ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú, pé wọ́n kó ìsọfúnni àwọn ènìyàn lórí Facebook láti fi mọ irú ọ̀rọ̀ tí yóò mi ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Facebook sọ pé ó lè kan ènìyàn mílíọ̀nù 87. Ó sì jáde nígbà náà pé ilé iṣẹ́ yìí ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà fún ìdìbò ọdún 2015. Ìmọ̀ tí Granovetter fi ṣe àlàyé ìjà, ẹlòmíràn lè fi wá ẹnì kejì tí sùúrù rẹ̀ kò pọ̀, kí ó lè tì í. Bí ọ̀bẹ ṣe rí nìyẹn; ọwọ́ tí ó mú un ni à ń wò.

ṢÉ A Ó WÁ SỌ PÉ KÌ Í ṢE Ẹ̀BI WA?

Ibí ni ìbéèrè wa ti le jù. Ẹnì kan lè sọ pé, “Bí a bá lè ṣírò èrò mi bí wọ́n ṣe ń ka owó, a jẹ́ pé kì í ṣe tèmi. Ẹ̀rọ ni ó gbé e wá, èrò ni ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn. Kí ni ẹ ń bá mi wí sí?” Ẹlòmíràn a máa fi kún ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ pé, “Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́,” bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yẹn ti wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà dáhùn. Gbogbo oníṣòwò ní Mile 12 mọ̀ pé ibi tí oníbàárà bá pọ̀ sí ni oníbàárà ń lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá to tòmátì pupa dídán sí ojú apẹ̀rẹ̀, ojú náà ni ọ̀pọ̀ yóò wò. A lè ṣírò ìwà oníbàárà, oníṣòwò sì ń ṣírò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a ti rí ìyálé ilé tí ó gbé tòmátì jíjẹrà dé ilé, tí ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kì í ṣe òun ni òun rà á, èrò ọjà ni? A ó bi í pé ṣé kò lè tú apẹ̀rẹ̀ wò ni. Pé wọ́n mọ ohun tí a sábà máa ń ṣe kò túmọ̀ sí pé a kò lè ṣe òmíràn. Ìṣirò sọ pé bí àwọn ènìyàn bá ń hùwà báyìí, báyìí ni yóò já sí. Iye ènìyàn tí ẹnì kejì yóò dúró dè kí ó tó sọ òkúta, onímọ̀ ni ó fi sínú ìlú àtọwọ́dá. Nínú ìlú tiwa, àwa ni a ń fi í sínú ara wa, nípa ohun tí a bá fi ṣe àṣà.

Àwọn tí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru fóònù pẹ̀lú ní ìdáhùn láti gbọ́. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìwádìí ńlá kan jáde lórí ìdìbò Amẹ́ríkà ti ọdún 2020. Wọ́n yí bí Facebook àti Instagram ṣe ń to ọ̀rọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ń rí yí padà gan-an, ṣùgbọ́n èrò wọn nípa ìṣèlú fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Kí ni èyí kọ́ wa? Pé kí èrò kan tó fìdí múlẹ̀ nínú ènìyàn, ó ti gba ọ̀nà púpọ̀: orí àga bàbá, ìdí ààrò ìyá, inú ọkọ̀, ẹnu oníwàásù. Ohun tí ọmọ wa ń gbọ́ wa tí à ń sọ nípa Hausa àti Ìgbò ní ìdí ọbẹ̀, òun ni fóònù yóò wá tẹ̀ lé. Nítorí náà, bí a bá pa fóònù tí a kò sì yí ẹnu padà, iṣẹ́ díẹ̀ ni a ṣe.

Ẹnì kan tún lè sọ pé, “Gbogbo ènìyàn ti rí i tẹ́lẹ̀. Kí ni tèmi nìkan yóò bà jẹ́?” Ìṣirò òkúta ti dá a lóhùn. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn jà nítorí pé ẹnì kejì jẹ́ ẹnì kejì. Bóyá ìwọ ni ẹni tí aládùúgbò rẹ ń dúró láti rí, ìwọ tí wọ́n mọ̀ sí ìyá ìjọ, tí wọ́n ń sọ pé, “Bí màmá yẹn bá lè fi ránṣẹ́, yóò jẹ́ òtítọ́.” Ọ̀pọ̀ wa kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láé. Irọ́ kò sì nílò kí a jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Òfin kẹsàn-án tí ó kọ ẹ̀rí èké kò yọ ẹni tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì sílẹ̀.

SÙÚRÙ KÌ Í ṢE Ẹ̀RÙ

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, WhatsApp pàṣẹ ní gbogbo ayé pé a kò lè ta ọ̀rọ̀ látaré sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n dín in kù sí ibi kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ tí ó ti kọjá ọwọ́ púpọ̀, wọ́n sì sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn onímọ̀ ní Brazil àti Amẹ́ríkà ti fi ìlú àtọwọ́dá dán òfin àkọ́kọ́ wò ní 2019, bí a ṣe ń ṣírò bí àìsàn ṣe ń ràn. Wọ́n rí i pé ó ń fa irọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè dá irọ́ tí ó bá dùn gan-an dúró. Ilé iṣẹ́ lè fún wa ní wákàtí díẹ̀. Ohun tí a ó fi wákàtí náà ṣe kù sí wa lọ́wọ́.

Síbẹ̀, mi ò sọ pé kí a dákẹ́ títí. Ìṣirò kan náà tí ó ń tan ìjà ni ó ń tan ohun rere. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde ní Abẹ́òkúta láti 1947 nípa owó-orí obìnrin, pẹ̀lú Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì níwájú wọn, ó ní ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde, ó ní èkejì tí ó tẹ̀ lé e, títí ó fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí Aláké fi fi orí oyè sílẹ̀ ní 1949. Bí gbogbo wọn bá ti ń dúró de ara wọn ni, owó-orí náà ìbá wà síbẹ̀. Ìyàtọ̀ wà: ohun tí àwọn obìnrin yẹn ń sọ, ara wọn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe àhesọ. Wọ́n sì sọ ọ́ lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ìwọ̀n tí a lè lò nìyẹn. Kí n tó ta ọ̀rọ̀ kan látaré, ṣé mo mọ̀ ọ́n, àbí mo kàn fẹ́ kí ó jẹ́ òtítọ́? Bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò fara gbá a? Ṣé mo lè kà á sókè lójú oníbàárà mi tí ó jẹ́ ẹ̀yà náà, kí n sì jókòó tì í? Ǹjẹ́ mo ti gbọ́ ti ẹnìkejì, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni? Bí ìdáhùn bá mọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀, kí a tilẹ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Bí kò bá mọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró de ẹ̀rí, kí ìjà parí sí ọ̀dọ̀ wa.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà ọjà Shasha ní Ìbàdàn mú kí àwọn ọlọ́jà òkè Ọya dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo wa ni a sì fi owó ata mọ̀ ọ́n. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èrò tí ó wà lọ́kàn mi lè ti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn wá, gẹ́gẹ́ bí ata inú ìkòkò mi ti ti ọ̀nà jíjìn wá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣà á, èmi ni mo sè é, èmi ni mo sì bù ú fún àwọn ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí a máa tú apẹ̀rẹ̀ wò dé ìsàlẹ̀ kí a tó gbé e relé.